Ẹja Wúrà: Bí A Ṣe Ń Sìn Ín àti Bí Ó Ṣe Ń Bí Sí I

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti bi wá léèrè ìdí rẹ̀ tí àwa ọmọ Ìlobùú àti Ìfọ́n fi ń gbé omi kiri láàárọ̀ bí ẹni tí ń pọn omi ìyàwó, tí omi náà kò sì sí fún ìwẹ̀ tàbí fún mímu. Ẹja ni a ń pọn ọ́n fún. Àwọn kan ti wá wo ẹja náà, wọ́n sì yìn ín. Ẹlòmíràn sì ti béèrè bóyá a ó sè é ní ọjọ́ Àjíǹde. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí a kọ ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì kọ ohun tí a ṣì ṣe pẹ̀lú, nítorí pé nínú ẹja márùn-ún tí a kọ́kọ́ rà ní Ìbàdàn, mẹ́ta ni ó kú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kì í sì í ṣe ebi ni ó pa wọ́n.

Ẹja tí a kì í pa jẹ kì í ṣe ohun àjèjì ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo wa ni ó mọ ìtàn Òṣogbo tí kò jìnnà sí wa, bí Ọba Láróòyè ti tẹ́ ọwọ́ ní etí odò Ọ̀ṣun tí ẹja sì fò sí i lọ́wọ́, tí a fi ń pe ọba ibẹ̀ ní Àtáọ́ja, èyíinì ni A-tẹ́-ọwọ́-gba-ẹja. Títí di òní ni ó jẹ́ èèwọ̀ láti pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun náà, èyí tí àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé ní 2005. Ní ti Erinlẹ̀, odò tí ó ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ Ìlobùú kí ó tó lọ da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ Ọ̀ṣun, àwọn baba wa sọ pé ọdẹ ni ẹni tí odò náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, àwọn tí ń bọ ọ́ a sì máa fi òkúta odò àti omi odò sínú ìkòkò amọ̀ olómọrí, omi inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbẹ. Àwa onígbàgbọ́ kò gba odò ní Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n a kò lè ṣàìjẹ́wọ́ pé àwọn ará ilé wa ti mọ bí a ti ń tọ́jú omi inú ìkòkò kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, àti pé ìyá àgbà kan ní Ìlobùú, tí kò mọ Á yàtọ̀ sí Bí, ni ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ń ṣe ẹja wa fún wa. Ó wo inú abọ́ gíláàsì náà, ó rí i bí ẹja ti ń ya ẹnu sókè, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, omi yín ti kú.” A rẹ́rìn-ín nígbà náà, nítorí pé omi náà mọ́ gaara tí a lè fi ojú ka ìwé láti òdì kejì rẹ̀. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni ẹja wúrà ti wá. Ẹja tí ó jẹ́ baba ńlá rẹ̀ kò ní ẹwà kan; àwọ̀ rẹ̀ rí bí ti ẹrẹ̀ odò, àwọn ará Ṣáínà sì ń jẹ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ti ń jẹ epìyà. Láti ìgbà ìjọba Jin (265–420) ni àwọn ìwé wọn ti ń sọ nípa ẹja tí ìpẹ́ rẹ̀ pọ́n, èyí tí a ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀pọ̀ ẹja dúdú. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé nínú odò, nítorí pé ẹyẹ apẹja a máa rí i lókèèrè ju àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kà á sí iṣẹ́ àánú láti dá ohun abẹ̀mí sí, wọ́n sì ń tú ẹja pupa sínú ọ̀gọ̀dọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ìbá jẹ́ ikú rẹ̀ nínú odò ṣe di ìyè fún un nínú ọ̀gọ̀dọ̀. Nígbà ìjọba Song (960–1279) àwọn ọba àti àwọn ìjòyè ti ń sìn ín nínú ọ̀gọ̀dọ̀ ààfin. Nígbà ìjọba Ming (1368–1644) ó ti wọ inú ilé, ó ń gbé nínú ìkòkò amọ̀ ńláńlá.

A bẹ̀ yín, ẹ fi ọkàn sí ìkòkò amọ̀ yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Nínú ọ̀gọ̀dọ̀, ẹja ni ó ń yan ẹnìkejì ara rẹ̀. Nínú ìkòkò, ènìyàn ni ó ń yàn án fún un. Ẹni tí ó bá rí ẹja tí ìrù rẹ̀ là sí méjì a mú un, a fi í sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí ó jọ ọ́, a sì tọ́jú àwọn ọmọ wọn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìran, a ní ẹja oníyẹ̀rì bí àwọn ọmọge ọjọ́ ọdún, a ní èyí tí kò ní lẹbẹ lẹ́yìn rárá, a ní èyí tí ojú rẹ̀ yọ síta bí ti ọ̀pọ̀lọ́. Láti òkè sì ni wọ́n ti ń wò ó. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀dá ẹwà rẹ̀ kò ní abọ́ gíláàsì. Èyí túmọ̀ sí pé àmù ìyá wa tí ó wà lẹ́yìn ilé ní Ìfọ́n sún mọ́ ilé àkọ́kọ́ ẹja yìí ju abọ́ ọlọ́rùn tín-ín-rín tí a fi owó gidi rà lọ. Àwa kò mọ èyí nígbà tí a rà á.

Ẹja náà dé ilẹ̀ Japan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ó dé Potogí ní 1611, Linnaeus ará Sweden sì fún un ní orúkọ nínú ìwé ńlá rẹ̀ ti 1758. Ní England ní 1747, ológbò Horace Walpole rì sínú ìkòkò Ṣáínà kan tí a fi ẹja wúrà sí, akéwì Thomas Gray sì kọ ewì nípa ikú rẹ̀. A mẹ́nu ba èyí nítorí ológbò ilé ìdáná wa, tí kò tí ì rì, ṣùgbọ́n tí kò fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò láti ìgbà tí ẹja ti dé. Ẹ bo ìkòkò yín pẹ̀lú àwọ̀n.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, pé omi lè kú. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé rẹ̀ kedere fún àwọn onímọ̀ ni Robert Warington, oníṣẹ́ kẹ́míkà kan ní London, ní 1850. Ó fi ẹja wúrà méjì sínú ohun èlò gíláàsì kan tí ó gba omi bí gálọ́ọ̀nù méjìlá, ó sì gbin ewéko inú omi sí i. Ó dára fún ìgbà díẹ̀; lẹ́yìn èyí ni àwọn ewé tí ó gbó bẹ̀rẹ̀ sí rà, omi sì dàrú. Kí ni ó ṣe? Kò da omi náà nù. Ó fi ìṣáwùrú díẹ̀ sí i. Ìṣáwùrú jẹ ewé jíjẹrà, ẹja jẹ nínú ẹyin ìṣáwùrú, ewéko lo èérí àwọn méjèèjì, ó sì fún wọn ní afẹ́fẹ́ tí wọn ń mí. Láti inú iṣẹ́ yìí àti irú rẹ̀ ni àwọn ilé ẹja ńlá ti jáde. Ní 1853 a ṣí èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ fún gbogbo ènìyàn nínú ọgbà ẹranko London.

Ohun kan wà tí Warington kò tí ì mọ̀ nígbà náà, òun gan-an sì ni ó pa ẹja wa. Ẹja kò ń yàgbẹ́ nìkan. Ohun olóró kan tí a ń pè ní amóníà ń jáde lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, púpọ̀ rẹ̀ ń gba ibi tí ẹja fi ń mí ní ẹ̀gbẹ́ orí jáde. Kò ní àwọ̀, nígbà tí ó bá kéré kò sì ní òórùn tí imú wa lè gbọ́, nítorí náà omi tí ó mọ́ lójú lè kún fún un. Nínú odò, omi ń ṣàn, ó sì ń gbé e lọ. Nínú ìkòkò, àwọn kòkòrò aláìfojúrí kan tí ń lẹ̀ mọ́ ògiri ìkòkò, mọ́ òkúta àti mọ́ gbòǹgbò ewéko ni ó ń yí i padà: apá kan sọ ọ́ di náítíráìtì, tí ó jẹ́ olóró síbẹ̀, apá kejì sì sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí kò ní ewu púpọ̀ tí ewéko sì fẹ́ràn. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í dé ní ọjọ́ kan. Wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó nínú ìkòkò tuntun.

Kí ni àwa ṣe? Ní ọjọ́ kan náà ni a fi ẹja márùn-ún sínú abọ́ tí omi inú rẹ̀ kò kún ìdajì garawa. Ní ọjọ́ méjì méjì, a da gbogbo omi náà nù, a fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ abọ́ náà títí ó fi ń dún, a sì pọn omi ẹ̀rọ tuntun sí i. A rò pé ìmọ́tótó ni. Ìmọ́tótó sì ni lóòótọ́ fún àwo oúnjẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo kòkòrò rere tí ìbá gba ẹja là ni a ń fi ọṣẹ pa bí wọ́n ti ń dé, oògùn kílórínì tí ó wà nínú omi ẹ̀rọ sì ń pa èyí tí ọṣẹ kò bá. Pẹ̀lúpẹ̀lù a ń fún ẹja ní búrẹ́dì ní ìgbà mẹ́rin lóòjọ́, olúkúlùkù ẹni tí ó bá kọjá a sì tún fi díẹ̀ kún un nítorí pé ẹja náà ń wo ojú rẹ̀. Ẹja wúrà kò ní ikùn tí a lè kó oúnjẹ jọ sí bí tiwa; ohun tí ó bá gbé mì ń kọjá lọ sínú ìfun ní tààrà. Ohun tí kò bá sì jẹ ń rà. A fi ìfẹ́ pa wọ́n ni kí a wí.

Ooru pẹ̀lú kò gbè wá. Omi tútù ń gba ọ́síjìn sára ju omi gbígbóná lọ: lítà omi kan tí ooru rẹ̀ jẹ́ 20 dígírì lè gba bíi mílígíráàmù mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ó bá gbóná dé 30 dígírì kò lè gbà ju bíi méje àti ààbọ̀ lọ. Ẹja wúrà sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí ó ní òtútù. Abọ́ tí ẹnu rẹ̀ kéré, tí a gbé sí ojú fèrèsé kí oòrùn lè mú un tàn, ni a fi ń sìn ín ní oṣù kẹta ọdún ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya ẹnu sókè ní òwúrọ̀ kùtù.

Àwọn méjì tí ó kù ni a gbé lọ sí Ìfọ́n, sí ilé ọ̀kan nínú wa, a sì fi wọ́n sínú àmù ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò, lábẹ́ òjìji igi máńgòrò. Amọ̀ tí a kò fi nǹkan kùn lára ń jẹ́ kí omi díẹ̀ máa yọ síta, ìyọsíta náà ni ó sì ń mú kí omi inú rẹ̀ tutù, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹni tí ó ti mu omi àmù ti mọ̀. A kó ojúoró láti inú omi dídúró kan wá, a kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, a sì jẹ́ kí ó léfòó lójú àmù. A ń lo omi kànga. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, a ń gbé e kalẹ̀ sínú garawa láìbò fún odidi ọjọ́ kan sí méjì kí kílórínì lè fò lọ. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ a ń bu ìdá mẹ́rin omi kúrò, a ń dá òmíràn tí ooru rẹ̀ bá ti inú àmù dọ́gba padà. A kì í fọ ògiri àmù. Oúnjẹ wọn ni edé gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná, tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀ tí a gé wẹ́wẹ́, ẹ̀wà bíbọ̀ tí a bó èèpo rẹ̀ kúrò, àti ekòló tí a gé. Ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn jù ni tanwíji. Bí ẹ̀fọn bá yé ẹyin sínú àmù náà lóru, kò sí ọmọ rẹ̀ tí yóò di ẹ̀fọn. Ìyá ilé náà, tí ó ti kọ́kọ́ bínú nítorí àmù rẹ̀, ni ó ṣàkíyèsí èyí kí àwa tó ṣàkíyèsí rẹ̀.

Báyìí ni a ṣe dé ibi ìbísí, èyí tí ó jẹ́ olórí ẹ̀kọ́ yìí.

Kí ẹja wúrà tó tó ọdún kan, ó ṣòro púpọ̀ láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Nígbà tí àkókò gígùn bá dé, àwọn ẹ̀gbọ́n funfun kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́ a máa yọ sí ẹ̀gbẹ́ orí akọ àti sí etí lẹbẹ rẹ̀ iwájú. Àwa rò pé àìsàn ni, nítorí pé àìsàn kan wà tí ń fi ààmì funfun sí ara ẹja. Díẹ̀ ni ó kù kí a da iyọ̀ sí omi. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ti àìsàn a máa fọ́n ká gbogbo ara àti ìrù láìsí ètò, ti akọ a sì wà ní ibi tí a dárúkọ wọ̀nyí nìkan. Ní ti abo, inú rẹ̀ a wú, a sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí a bá wò ó láti òkè.

Ní ilẹ̀ òtútù, ìparí ìgbà òtútù ni ó ń sọ fún ẹja wúrà pé àkókò tó. Àwa kò ní ìgbà òtútù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ní ọyẹ́, a sì ní òjò àkọ́rọ̀. Àwọn ará Singapore àti Thailand ń mú ẹja wúrà bí nínú ooru tí ó pọ̀ bí tiwa, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò ṣeé ṣe. Òjò ńlá kejì tàbí ìkẹta ọdún ni ó ṣe é fún àwọn tiwa. (Òjò àkọ́kọ́ kò dára fún ẹja, nítorí pé gbogbo ìdọ̀tí orí páànù ni ó ń fọ̀ wá.) Ní ìdájí ọjọ́ kejì òjò náà, a gbọ́ tí omi ń dún nínú àmù bí ẹni tí ń fọ ọwọ́. Akọ ń lé abo kiri, ó ń fi orí gbún un ní ẹ̀gbẹ́, ó ń tì í wọ inú gbòǹgbò ojúoró. Bí abo ti ń tú ẹyin jáde ni akọ ń da àtọ̀ lé e lórí. Ó tó wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó dákẹ́. Ẹyin náà kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orí abẹ́rẹ́ ńlá, ó mọ́ bí oje igi, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tí ó bá kàn. Abo kan lè yé ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ó dàgbà sì lè yé ju ẹgbẹ̀rún lọ.

A dúpẹ́, a lọ sí ilé ìsìn. Nígbà tí a dé, ẹyin kò sí mọ́. Bàbá àti ìyá ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán pátápátá, wọ́n sì ń wo ojú wa fún oúnjẹ.

Ní ìgbà kejì, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ti gbọ́n. Bí wọ́n ti dákẹ́ gígùn ni a kó ojúoró náà pẹ̀lú ẹyin ara rẹ̀ sínú agbada amọ̀ fífẹ̀, tí a bu omi inú àmù kan náà sí. Èyí tí kò gba àtọ̀ yóò di funfun bí wàrà, ewú yóò sì bò ó. A ń yọ wọ́n kúrò kí wọ́n má baà ba ti ẹ̀gbẹ́ wọn jẹ́. Nínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí tiwa, ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni wọ́n ń pa. Ní ibi tí omi bá tutù ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ tí ó pa náà rí bí irun ìpéǹpéjú kan, ó lẹ̀ mọ́ ògiri agbada, kò lúwẹ̀ẹ́, kò jẹun, nítorí pé àpò oúnjẹ tí ó bá ẹyin wá ṣì wà ní abẹ́ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní ohunkóhun nígbà náà. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta yóò fi ògiri sílẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí lúwẹ̀ẹ́ gbọọrọ, ìgbà yìí ni ebi rẹ̀ dé, tí ó sì dé pẹ̀lú ipá.

Kí ni a ó fún ohun tí ẹnu rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀? Omi ọbẹ̀dò ni ìdáhùn. Kí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹyin tó pa ni kí a ti gbé garawa omi kan sínú oòrùn pẹ̀lú ewé ṣọkọ gbígbẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí a sì fi aṣọ bò ó nítorí ẹ̀fọn. Nígbà tí omi náà bá tutù yọ̀yọ̀ ní àwọ̀, àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí ti kún inú rẹ̀. Ife kan ní òwúrọ̀, ife kan ní alẹ́, ó tó. A tún ń se ẹyin adìẹ títí yóò fi le, a ń mú ìwọ̀n orí ìṣáná kan nínú pupa rẹ̀, a ń fún un láti inú aṣọ funfun sínú omi. Kí ó má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ o, nítorí pé pupa ẹyin ń ba omi jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Ìdajì àwọn ọmọ tí a pàdánù, ọwọ́ ẹni tí ó fún wọn ní oúnjẹ alẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n kú sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n lè jẹ tanwíji tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Nígbà náà ni ọkàn ẹni tó lè balẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, 41 ni ó dàgbà.

Gbogbo ọmọ ẹja wúrà ni a ń bí ní àwọ̀ ẹrẹ̀, àwọ̀ baba ńlá wọn. Láti oṣù kejì tàbí ìkẹta lọ, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọdún kan, dúdú a máa ṣá kúrò lára wọn láti abẹ́ inú sókè, wúrà a sì yọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò yí padà títí wọn ó fi kú. Nínú 41 wọ̀nyí, 25 ti di aláwọ̀ wúrà tàbí pupa, 16 sì dúdú síbẹ̀ bí ẹni tí a kò bí ní ilé kan náà. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ kíláàsì kẹfà bí ìwà òbí ti ń farahàn lára ọmọ, kí ó gbé agbada yìí kalẹ̀ níwájú wọn, kí ó sì dákẹ́. Àwọn ìbéèrè yóò jáde fúnra wọn.

Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ẹja wúrà kì í rántí ohunkóhun. Irọ́ ni. Àwọn tiwa mọ ìró síbí lára ẹnu àmù, wọ́n sì ń sáré wá bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọn kì í sì í wá bí ó bá jẹ́ òkúta ni a fi kàn án. Ohun ìyanu mìíràn ni èyí tí àwọn onímọ̀ ní Norway àti ní England ṣàlàyé ní 2017: nígbà tí yìnyín bá bo ọ̀gọ̀dọ̀ tí ọ́síjìn sì tán nínú omi, ara ẹja wúrà ń sọ ohun tí ìbá di májèlé nínú rẹ̀ di ọtí líle, ọtí náà sì ń gba ibi tí ó fi ń mí jáde sínú omi. Ọ̀kan nínú wa béèrè bóyá ẹja bẹ́ẹ̀ lè wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ó kọ ọtí sílẹ̀. Olùkọ́ wa kò dáhùn.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan, èyí tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ wa ká. Kí ni a ó ṣe sí àwọn 16 tí kò pọ́n? Àmù ti kún. Àwọn tí ń béèrè ẹja lọ́wọ́ wa, aláwọ̀ wúrà ni wọ́n ń fẹ́. Àwọn ará Ìlobùú nínú wa wí pé kí a gbé wọn lọ tú sínú Erinlẹ̀: ohun abẹ̀mí ni wọ́n, odò ni ilé ẹja, ìwà àánú sì ni láti dá wọn sílẹ̀, kò ha jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti ṣe? Àwọn ará Ìfọ́n kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi jọ jẹun pọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ohun tí ó parí rẹ̀ kì í ṣe ohùn tí ó ga jù. A wá ìwé kà. A rí i pé ní odò Vasse, ní ìwọ̀ oòrùn Australia, àwọn kan tú ẹja wúrà ilé wọn sílẹ̀ pẹ̀lú irú àánú yìí. Àwọn ẹja náà bí sí i, wọ́n tóbi, òmíràn nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì, wọ́n ń tú ìsàlẹ̀ odò bí ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì ń jẹ ẹyin ẹja onílé. Àwọn onímọ̀ tí ó ń tọ ipasẹ̀ wọn kọ ní 2016 pé ọ̀kan nínú wọn rìn ju 200 kílómítà lọ láàárín ọdún kan. Bí èyí bá jìnnà jù sí yín, ẹ rántí ewéko olódòdó àlùkò tí ó wọ omi Àgbádárìgì ní 1984. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá, ẹwà òdòdó rẹ̀ ni àwọn ènìyàn sì ṣe ń gbé e kiri ayé. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi àti ti àwọn apẹja ní etíkun wa. Ẹni tí ó kọ́kọ́ tú u sínú omi kò ní ìkà lọ́kàn.

Erinlẹ̀ kò sì jẹ́ omi ọ̀sán gangan tí kò ní olówó. Omi rẹ̀ ni ìjọba sé ní apá Ẹdẹ tí a fi ń fún àwọn ìlú púpọ̀ ní omi mu. Àrọ̀ àti epìyà inú rẹ̀ ni àwọn apẹja ìlú wa fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn, nínú èyí tí a lè ka ẹnì kan tàbí méjì nínú wa mọ́. Ọ̀ṣun tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní ìyọnu tirẹ̀: omi rẹ̀ ti pọ́n bí ẹrẹ̀ láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a sì ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn tí ń wa wúrà ní ìhà Iléṣà. Ọ̀kan nínú wa tí ó ti ń gbèjà ìtúsílẹ̀ ni ó wí pé, wúrà kan ti ba Ọ̀ṣun jẹ́, kí àwa má ṣe gbé wúrà kejì lọ sí Erinlẹ̀. Òun náà ni ó kọ́kọ́ yọwọ́.

Nítorí náà a kò tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀. A ti gbé àwọn 16 náà sínú táǹkì onísìmẹ́ńtì kan lẹ́yìn ilé ní Ìfọ́n, tí kò ní ọ̀nà sí odò kankan, tanwíji inú rẹ̀ sì ti tán. A ti ya akọ kúrò lára abo bí ojú wa ti lè mọ̀ ọ́n tó, kí iye wọn má baà pọ̀ sí i. Ní ti àwọn 25, a ń fẹ́ fi wọ́n fún àwọn tí ń jáde ní ọdún yìí tí wọn yóò lọ máa kọ́ni, méjì méjì fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹni tí yóò fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ oṣù kan. Ẹja wúrà kan ní England lo ọdún 43 láyé kí ó tó kú ní 1999. Ẹni tí ó bá gbà á yóò ṣí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, ẹja yóò sì wà níbẹ̀; nítorí náà kí ó wá pẹ̀lú orúkọ olùkọ́ kejì tí yóò jogún rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó mú àmù tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò wá, tí ó gba garawa mẹ́fà ó kéré tán, kí omi sì ti wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ojúoró fún oṣù kan gbáko. Àwa yóò bu omi díẹ̀ àti òkúta méjì láti inú àmù wa sí i, kí àwọn kòkòrò rere lè tètè bí. A ó máa pín wọn ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú abọ́ gíláàsì wá.